Àpótí Tí Kò Ní Ọ̀dà Dúdú

Ọ̀dà méje ló wà nínú àpótí Bàbá Tíṣà, kò sì sí dúdú nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó lanu béèrè. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni wọ́n fẹ́ yà, igbó tó jẹ́ pé bí aago bá lu méje àárọ̀ níta, bí aago mẹ́fà ló ṣì rí lábẹ́ igi. Mo ní bóyá wọ́n gbàgbé rẹ̀ sílé ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n sún mọ́ àwọn, kí n na ìka sí ibi tó dúdú jù lọ níwájú wa. Mo na ìka sí ìdí àràbà kan, níbi tí gbòǹgbò rẹ̀ méjì ti dìde bí ògiri tí wọ́n sì pàdé ní igun.

"Ó dáa. Má gbé ojú kúrò níbẹ̀. Máa wò ó lọ."

Mo ń wò ó lọ. Fún bí ìṣẹ́jú kan, dúdú ni. Lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ igun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí omi osùn, nítorí ewé jíjẹrà tó kún ibẹ̀. Òkè rẹ̀ ní tirẹ̀ ń ṣe bí aró, torí ara gbòǹgbò náà tutù, ojú ọ̀run sì ń tàn sí i lára fẹ́rẹ́. Láàárín méjèèjì, àwọ̀ kan wà tí mi ò lórúkọ fún, bí ẹ̀fọ́ tó pẹ́ jù lórí iná. Nígbà tí mo máa fi yíjú sí wọn, Tíṣà ti ń tẹ ọ̀dà jáde sórí pátákó. Wọn ò bi mí ní ohun tí mo rí.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ girama títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n má kọ orúkọ àwọn. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kọ nǹkan, kí n kọ igbó. Àárọ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì wọ́n lórí àga kékeré, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ti kọjá, tí èrò ti tú, tí òjò kò sì tíì wábi lọ.

Níbi tí wọ́n gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn kalẹ̀ sí, ère wà lẹ́yìn wọn. Ère yẹn ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wá wò nínú igbó yìí: iṣẹ́ ọwọ́ Susanne Wenger, tí gbogbo Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní, pẹ̀lú Adébísí Àkànjí, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọdún 1950 ni Àdùnní dé Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n ti ń gé igi, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n sì ń dọdẹ níbi tó jẹ́ èèwọ̀ tẹ́lẹ̀. Kó tó kú ní 2009, ìjọba ti fi òfin dáàbò bo igbó náà láti 1965, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Nǹkan bíi hẹ́kítà 75 ni gbogbo rẹ̀, odò sì lọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Tíṣà kò ní nǹkan kan lòdì sí ère. Wọ́n kàn kọ ẹ̀yìn sí i ni. "Àwọn tó mọ ère yẹn, torí igi ni wọ́n ṣe mọ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà gé e. Igi yẹn lèmi wá wò."

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nílé kí n tó dé. Tíṣà kì í ra kánfáàsì lọ́jà. Aṣọ òwú tó nípọn ni wọ́n fà mọ́ férémù igi, wọ́n sì kàn án ní ìṣó láti àárín lọ sí igun: ẹyọ kan lókè, ẹyọ kan nísàlẹ̀, ẹyọ kan lọ́tùn-ún, ẹyọ kan lósì, kí aṣọ má baà hunjọ síbì kan. Nígbà tí wọ́n fi ìka ta á, ó dún bí awọ ìlù. Ọ̀dà funfun tí àwọn akunlé ń lò ni wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà. Wọ́n fi kun aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fi sáńdípépà ha á kí wọ́n tó kun ún lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀dà olóróró kò gbọdọ̀ kan òwú lásán, wọ́n ní, òróró rẹ̀ á máa jẹ òwú náà díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ojú funfun báláú tí wọ́n ṣe gbogbo wàhálà yẹn lé lórí, wọ́n tún mú àkísà, wọ́n fi ra ọ̀dà pupa rúsúrúsú tí wọ́n ti fi tapẹ́ntáìnì là sí gbogbo rẹ̀, títí ó fi dà bí ọ̀nà eléruku lẹ́yìn òjò.

"Ewé ni mo fẹ́ gbé lé e," wọ́n ní. "Bí ewé bá jókòó lórí funfun, á máa pariwo. Bó bá jókòó lórí ilẹ̀ pupa, ara rẹ̀ á balẹ̀."

Orúkọ òyìnbó ló wà lára ọ̀dà méje náà, ṣùgbọ́n orúkọ tí Tíṣà fún wọn ni wọ́n ń pè. Funfun ni ẹfun. Yellow ochre ni amọ̀, ilẹ̀ gan-an ni wọ́n sì fi ṣe é. Burnt sienna, tí í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n yan nínú iná, ni osùn. Ultramarine ni aró. Òrombó ni èyí tó mọ́ ju amọ̀ lọ, tó ń ta yẹ́ríyẹ́rí. Pupa ni ata. Èyí tó kẹ́yìn, Prussian blue, ni àgbà aró, nítorí bó ti wù kó kéré tó, òun ló máa ń borí níbikíbi tí wọ́n bá pò ó sí. Ìwọ̀n orí ìṣó ni wọ́n ń bù nínú rẹ̀.

Kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan nǹkan kan, wọ́n yọ páálí kan jáde tí wọ́n ti dá ihò onígun mẹ́rin sí láàárín. Wọ́n dijú kan, wọ́n gbé páálí náà sókè, wọ́n sún un síwájú, wọ́n fà á sẹ́yìn. Nínú igbó, gbogbo nǹkan ló ń pe ojú: ìtàkùn tó so kọ́ sókè, olú tó hù lára igi wíwó, àwọn ewé wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń mì. Iṣẹ́ páálí ni láti dá ojú lẹ́kun. Èmi ti rò pé àárín ni àràbà yóò wà. Tíṣà tì í sí ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n gé e sí méjì gbọnrangandan, ìdajì ìdí rẹ̀ nìkan ló wọlé. Pèrègún mẹ́ta bọ́ sí àárín, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà nísàlẹ̀, ní ọ̀tún pátápátá sì ni odò ti yọjú díẹ̀, kò ju fífẹ̀ àtàǹpàkò lọ. Wọ́n tún ṣe nǹkan kan tí mi ò kọ́kọ́ lóye: wọ́n ri igi tín-ín-rín kan mọ́lẹ̀ ní etí òjìji pèrègún tó ṣubú sójú ọ̀nà.

Búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ jù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, irun ẹlẹ́dẹ̀ ni, fífẹ̀ rẹ̀ tó ìka méjì. Wọ́n dì í mú níbi ìparí igi rẹ̀, kì í ṣe nítòsí irun bí ẹni ń kọ̀wé. Wọ́n wá pa ojú dé díẹ̀, bí ẹni ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ wò. Bí ojú bá là tán, ewé ni èèyàn ń rí, ẹgbàágbèje ewé. Bó bá pa dé díẹ̀, ewé á pòórá, á ku òkìtì òkùnkùn àti òkìtì ìmọ́lẹ̀. Òkìtì òkùnkùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi lélẹ̀. Wọ́n bu aró, wọ́n bu osùn tó tó ìdajì rẹ̀, wọ́n fi ọbẹ pẹlẹbẹ yí wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré, wọ́n sì dúró. Kò pò tán. Ìlà aró àti ìlà osùn ṣì ń hàn nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pò ó tán, wọ́n ní, á kú.

Láti inú òkìtì kan yẹn ni wọ́n ti fa mẹ́ta jáde. Wọ́n fi osùn kún èyí tó máa lọ sí ìsàlẹ̀ igun gbòǹgbò, wọ́n fi aró kún èyí tó máa lọ sókè. Sí ẹ̀kẹta ni wọ́n fi òrombó díẹ̀, wọ́n sì yí i. Àwọ̀ tí mi ò lórúkọ fún yẹn ló jáde sórí pátákó, ẹ̀fọ́ tó pẹ́ jù lórí iná. Wọn ò wo ojú mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀.

Tapẹ́ntáìnì pọ̀ nínú ọ̀dà àárọ̀ yìí, ó ń ṣàn wẹ́rẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa wà, wọn ò kùn ún; àkísà ni wọ́n fi nù ún, ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ sì ń yọjú padà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ náà jáde bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìnù kan láti ọ̀tún sí òsì. Tíṣà ti fi gìgísẹ̀ fa ìlà kan sí ilẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn kánfáàsì. Wọ́n á kùn, wọ́n á fẹ̀yìn rìn dé ìlà yẹn, wọ́n á wò, wọ́n á padà. Mo kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: búrọ́ọ̀ṣì kan aṣọ nígbà 21, Tíṣà sì lọ sí ìlà nígbà 14. Ẹ̀ẹ̀kan wọ́n ti nawọ́ tán, ó ku fífi kàn án, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n sì lọ pò ó tún. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, òjìji pèrègún ti fi igi tín-ín-rín yẹn sílẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan. Wọ́n wò ó, wọ́n sì pa ọ̀dà dé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un. Wọ́n ní igbó tí àwọn ń yà ti lọ, òmíràn ló wà níwájú wa yìí.

Ọ̀túnla la tún pàdé, kí ìpele àkọ́kọ́ lè gbẹ. Òróró líńsíìdì wọ inú ọ̀dà lọ́jọ́ yìí. Ìlànà tí kò ṣeé yẹ̀ ni pé èyí tó ní òróró jù ló ń gun orí èyí tí òróró rẹ̀ kéré, kì í ṣe òdìkejì. Ọ̀dà olóróró kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá, tí omi ń fò lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń mu wọ ara tó fi ń le, ó sì ń gba àkókò. Bí òkè bá le kí ìsàlẹ̀ tó le, á sán. Ẹni tó bá ti rẹ́ ògiri rí lórí amọ̀ tí kò tíì gbẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ewé ló kàn. Lẹ́nu wa, àwọ̀ ewé, orúkọ kan ṣoṣo ni, àwọn èèyàn sì máa ń fi èyí kẹ́gàn èdè wa. Ẹ wá gbọ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ewé. Òkìtì márùn-ún ni Tíṣà tò sórí pátákó, àgbẹ̀ ló sì fún mẹ́rin lórúkọ. Tútù yọ̀yọ̀: òrombó àti àgbà aró orí ìṣó. Dúdú minimini: aró àti amọ̀. Ewé àná: amọ̀ àti osùn, fún àwọn tó ti ń múra àtijá bọ́. Ọ̀jẹ̀lẹ̀ ni mo rò pé mo mọ̀, mo ń retí àwọ̀ ewé tó fúyẹ́. Osùn àti ata díẹ̀ ni wọ́n fi sí i, pẹ̀lú ẹfun. Wọ́n nàka sókè: ní orí igi kan lókè odò, gbogbo ọ̀jẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Mo ti ń kọjá lábẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Tíṣà ló sọ ìkarùn-ún lórúkọ: ewé tí ọ̀run ń wò. Ewé inú igbó ń dán. Èyí tó bá na ara rẹ̀ sílẹ̀, tó kọjú sókè, kò ní àwọ̀ ewé rárá lójú ẹni tó fara balẹ̀ wò ó; aró tó là ni, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Èyí tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ jáde, òrombó ni. Igi kan náà, ẹ̀ka kan náà. Ìyẹn ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ewé yí ojú láìya ewé kankan: búrọ́ọ̀ṣì balẹ̀, ó yí díẹ̀ lábẹ́ ìka, ó gbéra. Ìkùn kan, ewé mẹ́wàá. Lórí ewé pèrègún nìkan ni wọ́n ti ya ewé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn náà kò pọ̀. Wọ́n fa mẹ́rin gùn bí idà, wọ́n jẹ́ kí ìyókù wọnú òkùnkùn lọ.

Ọ̀bọ kan sọ̀ kalẹ̀ láàárín èyí, ó jókòó tì wá bí olùkọ́ àgbà tó wá yẹ iṣẹ́ wò, ó sì gbé búrẹ́dì mi lọ. Tíṣà kò yíjú.

Ihò ojú ọ̀run ló gba àkókò wọn jù. Lókè àwòrán, níbi tí ewé ti pàdé, àwọn àlàfo wẹ́wẹ́ wà tí ọ̀run ń gbà yọjú. Ìkánjú ọ̀gbẹ̀rì ni kó bu ẹfun, kó fi tọ́ ọ tó-tó-tó, gbogbo rẹ̀ á wá dà bí ìgbà tí wọ́n fọ́n ìyẹ̀fun sórí igi. Tíṣà kọ́kọ́ po àwọ̀ ọ̀run gbalasa tó wà lórí odò, wọ́n fi sápá ọ̀tún. Fún ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n bu lára rẹ̀, wọ́n fi amọ̀ àti aró díẹ̀ pa á. Fún ihò tó tó ẹ̀wà, wọ́n tún pa á sí i. Bí ihò bá ti kéré tó ni ọ̀run inú rẹ̀ ṣe ń ṣókùnkùn tó, torí etí ewé tó yí i ká ń pín nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Mo gbójú sókè láti wá ẹ̀rí, mi ò sì rí i lójú ẹsẹ̀. Funfun ni gbogbo rẹ̀ lójú mi. Páálí ni wọ́n nà sí mi. Mo fi ihò rẹ̀ há àlàfo ńlá kan pẹ̀lú kékeré kan papọ̀, mo pa ojú dé díẹ̀. Òótọ́ ni.

Wọn ò fi ihò náà sí bí wọ́n ṣe wà. Méje ni mo kà lókè. Mẹ́ta ni wọ́n yà, kò sí méjì tó dọ́gba. Ẹyẹ gbọ́dọ̀ lè fò gba inú wọn kọjá, wọ́n ní. Etí ìkíní mú bí ẹnu abẹ. Ti ìkejì, wọ́n fi ìka fẹ́ẹ́rẹ́ gba orí rẹ̀ títí tí kò fi sí ẹni tó lè sọ ibi tí ewé parí sí.

Fún ìtàkùn, mo ń retí búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni wọ́n fà yọ láti inú àpò ẹ̀wù. Wọ́n fi ṣóńṣó rẹ̀ kọ ọ̀dà tútù láti òkè wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìmí. Ọ̀dà là, ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti kùn sílẹ̀ láti ilé sì yọ jáde gẹ́gẹ́ bí ìtàkùn, ó tín-ín-rín, ó wọ́, ó sì wà lẹ́yìn ewé ní tòótọ́, torí ó ti wà níbẹ̀ kí ewé tó dé.

Odò ló kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, kò sì gbà ju ìkùn mẹ́rin lọ. Ẹfun, amọ̀, osùn díẹ̀: tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mo ti rí àwòrán ibí yìí kan náà lára ògiri pálọ̀ wọn, èyí tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ìyẹn, dúdú minimini ni odò, ìtàkùn àti ìdí igi sì ń dojú dé nínú rẹ̀. Àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè odò, lọ́nà Iléṣà, ló da amọ̀ sínú omi láti bí ọdún mélòó kan. Omi tó ti di amọ̀ kì í gbé òjìji igi dáadáa. Mo bi wọ́n léèrè bóyá wọn ò lè yà á bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n nu búrọ́ọ̀ṣì náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ohun tó wà níwájú mi ni mò ń yà."

Ní àárọ̀ kẹta, ìdajì wákàtí ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi wò. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí kánfáàsì, wọ́n gbé dígí kékeré sókè, wọ́n ń wo àwòrán náà nínú rẹ̀ lórí èjìká. Bí ọ̀tún bá di òsì, wọ́n ní, ojú á gbàgbé ohun tó ti mọ́ ọn lára, àṣìṣe á sì yọ. Ohun tó yọ ni ìmọ́lẹ̀ kan lára àràbà, tí mo ti fẹ́ràn láti ọjọ́ kejì: ìkùn òrombó kan tó nípọn, tó ń tàn bí iná. Ọbẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n fi gé e kúrò lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣe háà. Ojú mi wá ṣí lọ sí igun gbòǹgbò tó ti ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀, osùn nísàlẹ̀, aró lókè, mo sì rí i pé ìkùn yẹn ni kò ti ń jẹ́ kí n débẹ̀.

Wọ́n fi kẹrosíìnì ṣan búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú àtẹ́lẹwọ́ títí ìfófòó fi funfun, wọ́n sì fi ètè tọ́ ṣóńṣó irun rẹ̀. Kánfáàsì tútù náà ni wọ́n gbà mí láyè láti gbé dé ẹnu ọ̀nà, mo nawọ́ jìnnà, mo rìn bí ẹni ru ẹyin. Lábẹ́ igi tó kẹ́yìn ni mo rí i pé kòkòrò kan, tí kò tó irúgbìn tẹ̀tẹ̀, ti bà sínú ihò ojú ọ̀run tó tóbi jù, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo na ìka.

"Fi sílẹ̀," Tíṣà ní, wọn ò dúró. "Bí ọ̀dà bá gbẹ, a ó gbọ̀n ọ́n dà nù. Ìka rẹ ni kò ní ṣeé gbọ̀n."